Iṣẹ́ Abẹ Ìfètò-sọ́mọ-bíbí fún Ọkùnrin: Ohun tí Ó Yẹ Kí Tọkọtaya Mọ̀ Ṣáájú àti Lẹ́yìn Rẹ̀

Nínú gbogbo ọ̀nà ìgbàlódé tí a fi ń fètò sí ọmọ bíbí, méjì péré ni ó jẹ́ ti ọkùnrin: kọ́ńdọ̀mù, àti iṣẹ́ abẹ kékeré tí àwọn dókítà ń pè ní vasectomy. Ti àkọ́kọ́ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ti èkejì ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin kì í fẹ́ dárúkọ láwùjọ. Bí a bá lọ ṣe ìlanilọ́yẹ̀ nípa ìlera ní gbọ̀ngàn ìlú, kò sí ẹni tí yóò nawọ́ béèrè nípa rẹ̀. Ó di ìgbà tí a bá ń palẹ̀ mọ́ kí ẹnìkan tó fà wá sí kọ̀rọ̀, kí ó béèrè bóyá wọn kò ní tẹ òun lọ́dàá bí òbúkọ.

Rárá o. Ẹni tí a tẹ̀ lọ́dàá, irú àwọn ìwẹ̀fà ààfin láyé àtijọ́, kórópọ̀n rẹ̀ ni wọ́n bà jẹ́ tàbí tí wọ́n yọ. Nínú iṣẹ́ abẹ yìí, a kì í yọ kórópọ̀n, a kì í sì í là á. Ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni ó wà nínú àpò ẹpọ̀n, tí irúgbìn ọmọ ń gbà kọjá láti ara kórópọ̀n kọ̀ọ̀kan lọ dàpọ̀ mọ́ omi àtọ̀. Ọ̀nà méjèèjì yìí ni dókítà ń gé, tí ó sì ń dí. Kórópọ̀n yóò máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Èròjà tí ó ń fún ọkùnrin ní irùngbọ̀n, ohùn àti ìfẹ́ sí ìbálòpọ̀, inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbà. Kò gba ọ̀nà tí a dí rárá. Nǹkan ọmọkùnrin yóò ṣiṣẹ́ bí ó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, àtọ̀ yóò sì máa jáde. Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀, nítorí ìwọ̀nba díẹ̀ ni irúgbìn ọmọ jẹ́ nínú àtọ̀. Èyí tí kò rí ọ̀nà jáde, ara ni yóò fà á mu padà.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó gbà láti ṣe é, ó gbọ́dọ̀ kà á sí ìpinnu tí kò ní àtúnṣe. Lóòótọ́, iṣẹ́ abẹ mìíràn wà tí a lè fi so ọ̀nà náà pọ̀ padà, ṣùgbọ́n ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ, owó rẹ̀ pọ̀, kì í sì í yọrí sí rere nígbà gbogbo. Ìdí nìyí tí òṣìṣẹ́ ìlera yóò fi béèrè àwọn ìbéèrè tí ó lè dà bí èèwọ̀ létí: bí ọmọ kan bá kú ńkọ́? Bí ìyàwó bá fi ilé sílẹ̀, tàbí tí ó bá ṣaláìsí ńkọ́? Kí ẹ má bínú sí i. Ó sàn kí a dáhùn wọn níwájú tábìlì ju kí a wá máa kábàámọ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ni yóò fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda, ó sì lè yí ọkàn rẹ̀ padà títí di ìgbà tí ó bá ti dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Síbẹ̀, ó dára kí ìyàwó jókòó síbi ìgbaninímọ̀ràn náà. Ẹni tí ó ní ju ìyàwó kan lọ, gbogbo wọn ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ẹ sọ fún dókítà bí ẹ bá ní àtọ̀gbẹ tàbí ìpá, bí wọ́n bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín rí ní abẹ́, tàbí bí ẹ bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, títí kan aspirin. Ẹ má ṣe dá oògùn dúró fúnra yín. Lọ́jọ́ náà, ẹ wẹ̀ dáadáa, ẹ mú pátá tí ó fún dání, kí ẹ sì mú ẹnìkan lọ tí yóò bá yín padà sílé.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kì í pẹ́: bí ìṣẹ́jú 15 sí 30. Abẹ́rẹ́ ni wọn yóò fi pa ibẹ̀ kú, ẹ kò ní sùn. Ẹ lè mọ̀ pé wọ́n ń fa nǹkan, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó dunni. Ní ọdún 1974 ni dókítà kan ní orílẹ̀-èdè China, Li Shunqiang, gbé ọ̀nà kan jáde tí kò nílò ọ̀bẹ láti la awọ ara: ihò kékeré kan ni wọ́n ń lu, tí kì í sábà nílò rírán. Ọjọ́ kan náà ni aláìsàn ń padà sílé, bí a bá tilẹ̀ lè pè é ní aláìsàn.

Ẹ sinmi fún ọjọ́ méjì. Ẹ fi aṣọ wé yìnyín kí ẹ tó gbé e lé ojú ibẹ̀, kí ẹ sì lo oògùn ìrora tí wọ́n bá kọ fún yín. Fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má gbé àpò sìmẹ́ńtì, ẹ má kọ ebè, ẹ má gun ọ̀kadà. Ìbálòpọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ padà lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, bí ìrora bá ti lọ. Kí ibẹ̀ wú díẹ̀ tàbí kí ó dúdú kì í ṣe ohun ìpayà. Ṣùgbọ́n bí ibà bá dé, bí ọyún tàbí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde, bí wíwú náà bá ń pọ̀ sí i, ẹ padà sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ìwọ̀nba àwọn ọkùnrin díẹ̀ ni ìrora máa ń pẹ́ lára wọn fún oṣù púpọ̀. Àwọn náà kò gbọdọ̀ máa mú un mọ́ra.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń di wàhálà nínú ilé ni èyí: iṣẹ́ abẹ náà kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí a ṣe é. Irúgbìn tí ó ti kọjá ibi tí a gé ṣì wà lọ́nà, ó sì lè di oyún. Oṣù mẹ́ta gbáko ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a dúró, kí tọkọtaya sì máa lo kọ́ńdọ̀mù tàbí ọ̀nà ìfètò-sọ́mọ-bíbí mìíràn ní gbogbo àkókò náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ọkùnrin yóò gbé àtọ̀ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, kí a lè rí i dájú pé irúgbìn kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ ni ìtìjú kì í jẹ́ kí ó padà lọ. Bí ìyàwó irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá lóyún, ẹnu ará ilé yóò ti là kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan ìwé àyẹ̀wò tí kò sí, obìnrin tí kò ṣẹ̀ ni yóò sì ru ẹ̀gàn. Kódà lẹ́yìn àyẹ̀wò, ọ̀nà náà lè so pọ̀ padà fúnra rẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n, láàárín ọdún kan, kò tó ẹyọ kan nínú 100 obìnrin tí irú oyún bẹ́ẹ̀ ń bá. Síbẹ̀, ó ń ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, bí oyún bá dé, àyẹ̀wò àtọ̀ ni kí ọkọ kọ́kọ́ tún lọ ṣe, kì í ṣe ìpàdé ẹbí.

Iṣẹ́ abẹ yìí kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ kòkòrò HIV tàbí àwọn àrùn ìbálòpọ̀ yòókù. Kọ́ńdọ̀mù ni ó ń ṣe ìyẹn.

Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ni ó ní dókítà tí ó kọ́ iṣẹ́ yìí. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ẹ̀ka ìfètò-sọ́mọ-bíbí ní ilé ìwòsàn ìjọba tí ó súnmọ́ yín. Bí wọn kò bá ṣe é níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ ìwé fún yín lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, kí ẹ sì béèrè lọ́jọ́ náà gan-an ibi tí ẹ ó ti ṣe àyẹ̀wò oṣù kẹta àti iye tí yóò ná yín.