Kásẹ́ẹ̀tì Bàbá Àgbà Wà Nílé, Ẹ̀rọ Tó Máa Kà Á Ńkọ́?

Láti Sábó níbí, nílùú Ọ̀yọ́, la ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ìbéèrè kan ló ń wọlé léraléra: kásẹ́ẹ̀tì wà nílé, ohùn bàbá àgbà àti oríkì ìdílé wà nínú ẹ̀, àmọ́ rẹ́kọ́dà àtijọ́ kò sọ̀rọ̀ mọ́, tàbí kó máa sọ ọ́ bí ẹni tó mutí yó. Ìjálá Ògúndáre Fọ́yánmu, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní i nílé. Ti bàbá àgbà yín, ẹyọ kan ṣoṣo ni.

Ọdún 1963 ni Philips gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde nílùú Berlin. Téèpù inú ẹ̀ kò fẹ̀ tó mílímítà mẹ́rin, sẹ̀ǹtímítà 4.76 ló sì ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ibi tó há báyìí ni gbogbo ohùn wà, ìdí nìyẹn tí àṣìṣe kékeré fi ń ba nǹkan jẹ́.

Kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ wo ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì náà. Ike kékeré méjì wà níbẹ̀. Ẹ ṣẹ́ wọn kúrò, bọ́tìnì tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀ kò ní lè wọlẹ̀ mọ́. Tẹ́ ẹ bá bá sẹ́lótéèpù lójú ihò yẹn, ẹ ṣí i. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa ló máa ń fi dí i kí wọ́n lè gba orin mìíràn lé e.

Ẹ yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná, kẹ́ ẹ ṣí ìdí ẹ̀. Ẹ ó rí rọ́bà tó so mọ́tò mọ́ àgbá irin tó ń yí. Rọ́bà tó ti pẹ́ máa ń fẹ̀, tàbí kó yọ́ bí ọ̀dà. Bó bá fẹ̀, eré téèpù á máa lọ sókè sódò, ohùn náà á sì bá a lọ. Èdè olóhùn sì ni tiwa: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ohùn nìkan ló yà wọ́n. Oríkì tẹ́ ẹ fẹ́ kọ sílẹ̀ lè di nǹkan mìíràn. Ẹ má fi rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó rọ́pò ẹ̀ o, kì í nà dọ́gba. Ẹ mú ti àtijọ́ lọ bá àwọn tó ń tún rédíò ṣe, kí wọ́n wá tuntun tó kéré sí i díẹ̀, torí ti àtijọ́ ti nà. Ẹ fi sípírítì àti òwú nu orí tó ń ka téèpù.

Ní ti iná, ẹ̀rọ tó ń lo bátìrì mẹ́rin, fóòtì 6 ló ń jẹ. Bátìrì inú àwọn làńtà kan tí à ń chájì, fóòtì 6 ni òun náà. Ẹ so wọ́n pọ̀, pọ́sítíìfù mọ́ pọ́sítíìfù, kẹ́ ẹ fi fíúsì sójú wáyà. Ariwo hùùù iná ilé kò ní bá ohùn wọlé.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbé fóònù síwájú sípíkà láti gba ohùn. Èmi ò fara mọ́ ọn rárá. Àkùkọ aládùúgbò àti jẹnẹrétọ̀ á máa bá bàbá àgbà dá sọ́rọ̀. Ẹ wá fọ́líọ́ọ̀mù láti inú ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní. Ẹ yí i sílẹ̀ pátápátá, kẹ́ ẹ gbé mítà lé e: ẹsẹ̀ tó bá bá ti àárín pàdé ni ground. Èyí tó ṣẹ́kù la fẹ́, torí ohùn ibẹ̀ kò tíì dé apá tó ń lé sípíkà, ó sì mọ́. Ẹ fi òjé jó capacitor 1 microfarad mọ́ ọn, kí iná bátìrì má bàa bá ohùn jáde. Kí resistor 10 kilo-ohm tẹ̀ lé e, kó tó kan ihò tuntun tẹ́ ẹ gbẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ so ground mọ́ apá kejì ihò náà. Ibẹ̀ ni wáyà kọ̀ǹpútà máa wọ̀.

Ó ku eré mọ́tò. Ihò kékeré máa ń wà nídìí mọ́tò, síkúrù sì wà nínú ẹ̀. Ẹ mú kásẹ́ẹ̀tì orin tẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ wá orin kan náà lórí fóònù. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 300 lórí fóònù, tí kásẹ́ẹ̀tì parí ẹ̀ ní 291, ẹ̀rọ yín ń sáré jù, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ yí i díẹ̀díẹ̀.

Lẹ́yìn èyí lẹ lè fi kásẹ́ẹ̀tì bàbá sí i. Síkúrù onísípíríǹgì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí téèpù. Bí ohùn ti ń lọ, ẹ rọra yí i títí "s" àti "ṣ" á fi dún ketekete. Kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀, torí ẹ̀rọ tó gbà á sílẹ̀ yàtọ̀. Ẹ gbà á sínú Audacity, ọ̀fẹ́ ni, kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ ní WAV, kì í ṣe MP3. Ẹ fi orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sórí fáìlì. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, téèpù tó ti já la máa lẹ̀.