Gbígbé Ẹ̀gbẹ́ Òkè: Àwọn Abúlé tí ó wà lókè Freetown ní Ilẹ̀ Sàró

Ẹni tí ó bá gba ojú òkun wọ Freetown, olú-ìlú ilẹ̀ Sàró, yóò rí i pé ìlú náà kò ní àyè púpọ̀ láti fẹ̀ sí. Òkun wà níwájú rẹ̀, òkè gíga sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Lára àwọn òkè wọ̀nyí ni abúlé Leicester, Gloucester, Regent, Charlotte àti Bathurst wà. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù ju ti ìlú lọ, ariwo ọjà kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn, ọ̀pọ̀ ẹni tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ìlú ni ó ń padà lọ sùn lókè.

Àwọn abúlé náà kì í ṣe àjèjì sí ìran Yorùbá. Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fi òfin de òwò ẹrú ní ọdún 1807, àwọn ọkọ̀ ogun rẹ̀ a máa gba ẹrú sílẹ̀ lójú òkun, wọn a sì kó wọn lọ sí Freetown. Ìlú kò lè gba gbogbo wọn, nítorí náà ni a ṣe tẹ abúlé dó fún wọn lórí òkè. Regent bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1812. Nígbà tí ó yá, àwọn Yorùbá pọ̀ láàárín wọn tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń pè wọ́n ní Akú, nítorí "ẹ kú" tí wọ́n fi ń kí ara wọn láti òwúrọ̀ di alẹ́. Àjàyí, ọmọ Òṣoògùn, tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther lẹ́yìn náà, gúnlẹ̀ sí Freetown ní oṣù kẹfà ọdún 1822. Bathurst ni a mú un lọ, ibẹ̀ ni ó sì ti kọ́ ìwé kíkà àti iṣẹ́ káfíńtà. Ẹni tí ó bá ń ka Bíbélì Yorùbá lónìí ń jẹ nínú èso abúlé orí òkè náà.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ òkè fúnra rẹ̀ ni a fẹ́ ṣàlàyé fún yín. Ilẹ̀ tí ó tẹ́jú a máa fi sùúrù gba omi òjò. Ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Igi ni ó ń mú un dúró. Ewé igi a dín agbára òjò kù kí ó tó kan ilẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ a sì di erùpẹ̀ mú ṣinṣin. Bí a bá gé igi náà, gbòǹgbò a jẹrà láàárín ọdún díẹ̀, kò sì sí ohun tí yóò di erùpẹ̀ mú mọ́. Erùpẹ̀ tí omi bá kún inú rẹ̀ a wúwo, a sì yọ̀ lórí àpáta bí ẹni pé a fi ọṣẹ pa á. Ẹni tí ó bá ti rí ògiri amọ̀ tí ó wó lẹ́yìn òjò ọjọ́ mẹ́ta yóò mọ ohun tí a ń wí.

Ní àkókò ogun abẹ́lé ilẹ̀ Sàró, láti ọdún 1991 di ọdún 2002, ọ̀pọ̀ ènìyàn sá láti ìgbèríko wá sí Freetown, wọn kò sì padà mọ́. Ilẹ̀ wọ́n ní ìsàlẹ̀, nítorí náà ni ilé ṣe ń gun òkè. A gé igbó, a sì gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ òkè láti rí ibi tí ó tẹ́jú fún ìpìlẹ̀. Olówó kọ́ ilé ńlá, tálákà kan páànù mọ́ pákó lẹ́bàá odò. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè wọ́n ní òmùgọ̀. Ẹni tí kò rí ilẹ̀ mìíràn rà, ibi tí ó rí ni yóò gbé.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje ọdún 2017 títí di àárín oṣù kẹjọ, òjò tí ó rọ̀ ní Freetown tó ìlọ́po mẹ́ta èyí tí a ń retí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì wà lórí ibùsùn, apá kan òkè Sugar Loaf tí ó wà lókè Regent já. Erùpẹ̀ àti òkúta ńláńlá bo ilé mọ́lẹ̀, wọ́n sì bá ọ̀nà odò lọ sí ìhà Lumley létí òkun. Àwọn tí ó kú àti àwọn tí a kò rí mọ́ lé ní 1,100.

Òkè kì í sábà já láìfi àmì hàn. Ilẹ̀ a là ní ẹ̀gbẹ́ òkè. Igi tí ó dúró ṣánṣán a bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Ilẹ̀kùn tí ó ń ṣí dáradára tẹ́lẹ̀ a há. Omi ìsun tí ó mọ́ a dà bí omi amọ̀. Bí ẹ bá rí irú èyí nígbà òjò, ẹ kó ọmọ àti arúgbó kúrò níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ẹ tó máa ronú nípa ẹrù.

Ní ọdún 2020, ìgbìmọ̀ ìlú Freetown, lábẹ́ olórí rẹ̀, Ìyáàfin Yvonne Aki-Sawyerr, bẹ̀rẹ̀ sí í gbin igi, wọ́n sì fi mílíọ̀nù kan ṣe góńgó wọn. Àwọn ará àdúgbò ni a ń san owó fún láti máa tọ́jú àwọn igi náà, wọ́n sì ń fi fóònù ya àwòrán wọn láti fi hàn pé wọ́n ṣì wà láàyè.