Rọ́ọ̀gì tó mu omi, ẹ má jẹ́ kó bu

Ọ̀rọ̀ rọ́ọ̀gì ni mo gbé wá lónìí, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ mi díẹ̀. Tí ohùn bá wà lókè, bú ni, èébú nìyẹn. Tó bá lọ sílẹ̀, bù ni, èyí tí à ń lò fún omi àti ọbẹ̀. Tó bá wà láàárín, bu ni, ohun tí búrẹ́dì ń ṣe tó bá pẹ́ nínú ọ̀rá. Ìkẹta yìí ló kàn wá.

Lóṣù Keje ọdún tó kọjá, mo wọ yàrá ìkàwé mi n'Íbàdàn láàárọ̀, ẹsẹ̀ mi bá kó sínú omi. Amúlétutù ló jò mọ́jú. Páìpù tó ń gbé omi rẹ̀ jáde ti dí, ohun kan tó ń yọ̀ bí ilá ló dí i. Kí ni mo ṣe? Mo sáré gbé páálí ìwé ìwádìí mi sá, mo da tówẹ̀lì lé rọ́ọ̀gì, mo tan fáànù. Lọ́jọ́ kejì, òkè rẹ̀ gbẹ, ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Lọ́jọ́ kẹfà, ọmọ-ọmọ mi tó ní ásímà wá sùn níbẹ̀. Lóru, ó ń mí gúlegúle. Ìyá rẹ̀ ló gbóòórùn náà: "Dádì, kí ló ń rùn bí àpò àgbàdo tó tutù yìí?" A ṣí etí rọ́ọ̀gì, abẹ́ rẹ̀ ti dúdú, fóòmù ṣì tutù rinrin. Ọpẹ́ ni pé oògùn tí ọmọ náà ń fà símú wà nílé.

Ṣẹ́ ẹ rí i, fóòmù abẹ́ yẹn ló ń mu omi bíi kànìnkànìn. Hóró tíntìntín tó ń mú nǹkan bu wà nínú afẹ́fẹ́ gbogbo ilé, ojú ò rí wọn, omi ni wọ́n ń dúró dè. Láàárín wákàtí 24 sí 48, wọ́n lè ti bẹ̀rẹ̀ sí í hù.

Torí náà, ẹ pa iná yàrá náà látibi mítà kẹ́ ẹ tó tẹ inú omi. Ẹ fi tówẹ̀lì fún omi tó wà lókè, kẹ́ ẹ dúró lé e lórí. Lẹ́yìn náà, ẹ ká rọ́ọ̀gì láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, kẹ́ ẹ yọ fóòmù dànù. Owó rẹ̀ ò tó owó ilé ìwòsàn. Ẹ jẹ́ kí fáànù fẹ́ sí abẹ́. Tí wọ́n bá ti mú iná lọ, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni, ẹ gbé rọ́ọ̀gì síta sínú oòrùn. Tójò bá ń rọ̀, ẹ má ṣí fèrèsé sílẹ̀, ọ̀rinrin lẹ̀ ń pè wọlé.

Èyí tó bá ti bu, ẹ má da òógùn afọṣọ-funfun sí i. Àwọ̀ ló máa lọ, ohun tó wà nínú òwú ò ní lọ, bó sì kú gan-an, ó ṣì ń dà àyà àwọn kan láàmú. Ẹ bo imú, kẹ́ ẹ gé e dànù. Ẹ má gbọn ọ́n nínú ilé.

Kójò tó dé, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ fọ páìpù náà. Èyí tó sì rọrùn jù: tí amúlétutù bá ń ṣiṣẹ́ lásìkò òjò, tẹ́ ẹ ò rí omi kó máa kán níta, ẹ lọ wò ó nínú ilé.