Jẹ́nẹ́sísì ní Ìgboro Monrovia

Òpópónà Gurley ní Monrovia ń jẹ́ orúkọ Ralph Randolph Gurley, akọ̀wé ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà tí ó ń kó àwọn ènìyàn dúdú padà wá sí Áfíríkà. Ní ìlú yìí kan náà ni Edward Wilmot Blyden, ọ̀dọ́mọkùnrin nígbà náà, ti tẹ ìwé kékeré kan jáde ní 1857 láti gbèjà ìran wa. Àwọn olówò ẹrú ti sọ Jẹ́nẹ́sísì di pàṣán: wọ́n ní ègún wà lórí ọmọ Hámù. Blyden ṣí ìwé kan náà, ó sì tọ́ka sí i pé Kénáánì ni Nóà ṣépè fún, kì í ṣe Hámù baba rẹ̀.

Ọdún méjì lẹ́yìn èyí ni ìwé Darwin jáde. Àwọn kan kọ̀ ọ́, wọ́n ní Ọlọ́run dá ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan tààrà gẹ́gẹ́ bí a ti kà á, kí a sì fi bẹ́ẹ̀ kọ́ ọmọ. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kíyèsí i: èyí yàtọ̀ sí gbígba Ẹlẹ́dàá gbọ́. Àwọn baba wa ní Ọbàtálá ni ó fi amọ̀ mọ ènìyàn. Wọn kò tìtorí rẹ̀ pe olùkọ́ kankan lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ní Dayton, ní Tennessee, ní 1925, wọ́n bu ìtanràn 100 dọ́là lé olùkọ́ John Scopes nítorí ẹ̀kọ́ Darwin. Wọ́n fagi lé ìdájọ́ náà ní 1927; òfin náà wà títí di 1967.

Bí ìjọba bá ti ìtumọ̀ kan ṣoṣo lẹ́yìn, ta ni yóò lè ṣe bí Blyden? Ní 2015, àpérò kan ní Gbarnga dábàá pé kí Liberia di orílẹ̀-èdè Kristẹni. Òfin 1986, tí ó ya ẹ̀sìn sọ́tọ̀ kúrò lára ìjọba, ṣì dúró.