Èèkù Ọ̀bẹ Tí Òjò Àti Ọyẹ́ Kò Ní Tú

Bí Iléyá bá ti ń súnmọ́ ní Ìwó, ìlú tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láti ayé Ọba Lámúyè, ọ̀bẹ gígùn tó ti wà lórí àjà láti èṣí á tún jáde. Irin rẹ̀ ṣì dára, èèkù rẹ̀ ló ti ń mì. Èèkù tó ń mì léwu gan-an fún ẹni tó fẹ́ pa ẹran, torí ọwọ́ tí ọ̀rá àti ẹ̀jẹ̀ ti bò lè yọ̀ dé ojú ọ̀bẹ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé igi tó bá ṣáà ti le ni kí àwọn wá. Líle nìkan kò tó, torí omi ló ń ba èèkù jẹ́ jù lọ lágbègbè wa. Igi a máa mu ọ̀rinrin nígbà òjò, a wú. Bí ọyẹ́ bá dé, a gbẹ, a sì súnkì. Ní gígùn rẹ̀, ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan. Ní ìbú ni ó ti ń pọ̀ ní ìlọ́po mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irin tó wà láàárín èèkù kò wú bẹ́ẹ̀, kò sì súnkì. Díẹ̀díẹ̀, ihò ìṣó á gbòòrò, omi á ráyè wọlé, ìpẹtà á sì bẹ̀rẹ̀ níbi tí ojú kò tó.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ ni kí igi ti gbẹ délẹ̀. Ẹ̀ka tútù tí a gé lóko lánàá yóò là bó ti wù kó le tó. Ẹ lọ bá káfíńtà, kí ẹ béèrè àjákù pákó, tàbí kí ẹ wo férémù ilẹ̀kùn ilé àtijọ́ tí wọ́n ń wó. Irú pákó bẹ́ẹ̀ ti gbẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ gé e kí ìlà ara rẹ̀ bá gígùn ọ̀bẹ lọ.

Igi apá ni mo fẹ́ràn jù fún èèkù ọ̀bẹ. Ó le, ikán kì í tètè jẹ ẹ́, wíwú àti sísúnkì rẹ̀ sì kéré ju ti ọ̀pọ̀ igi lọ. Ìrókò tẹ̀ lé e. Kò wúwo tó apá, àmọ́ kì í tètè jẹrà. Ayìn àti èmì dára fún ọkọ́ àti àáké, níbi tí lílù ti pọ̀. Ẹ bo imú tí ẹ bá ń fi sáńpépà ha apá tàbí ìrókò, eruku wọn máa ń ta èèyàn nímú àti lára.

Ìwo màlúù rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun náà ń mu omi, ooru ń mú un rọ̀, kòkòrò sì ń jẹ ẹ́. Rọ́bà inú táyà tí wọ́n ń wé mọ́ èèkù ni n kò fara mọ́ rárá. Ó ń di omi àti ẹ̀jẹ̀ mọ́ irin lábẹ́, ìpẹtà á sì máa jẹ ẹ́ lọ.

Fún alápatà tó ń fọ ọ̀bẹ lójoojúmọ́, ohun kan wà tó dára ju igi lọ: aṣọ tó ti mu rẹ́sìn, oje tó máa ń le. Ilé iṣẹ́ Westinghouse ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀, Micarta, ní nǹkan bí 1910, fún iṣẹ́ iná mànàmáná. Àwọn tó ń fi fáíbà tún bọ́ńpà ọkọ̀ ṣe ní rẹ́sìn tí ẹ lè lò. Ẹ gé jíìnsì àlòkù sí abala-abala, ẹ rẹ ìpele kọ̀ọ̀kan sínú rẹ́sìn tí a ti po oògùn tó ń mú un le mọ́, ẹ tò ó lé ara wọn, ẹ fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù bò ó lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ sì fi pákó méjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi le. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é. Omi kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí nǹkan kan ṣe sí i.

Ìṣó ńkọ́? Ìṣó irin lásán ń pẹtà, ìpẹtà sì gba àyè ju irin lọ, òun ló ń la èèkù nígbà mìíràn. Wáyà kọ́pà tó nípọn, èyí tó wà nínú okùn iná ńlá, ni kí ẹ gé. Ó rọ̀, èèyàn lè fi òòlù kékeré lu orí rẹ̀ títí yóò fi fẹ̀ tí yóò sì di èèkù mú. Kí ẹ tó lù ú, ẹ fi gọ́ọ̀mù onípò méjì, èyí tí à ń pò pọ̀, kún gbogbo àlàfo tó wà láàárín irin àti èèkù. Ẹ má fi epo pupa tàbí àdín pa igi náà lára, torí wọn kì í gbẹ. Epo linseed ló ń gbẹ, tó sì ń dí ojú igi.