Ẹ JẸ́ KÁ MÁA PÀÀRỌ̀ Ẹ̀FỌ́ ỌBẸ̀ WA



Bí ìgbìmọ̀ bá ń yẹ ìwé ẹ̀yáwó wò lóṣooṣù, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn kì í wọ́n níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àìtó ẹ̀jẹ̀: owó tó yẹ ká fi kọ́lé ló ń bá oògùn lọ. A kò ní kẹ́nikẹ́ni má lọ sọ́dọ̀ dókítà o, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń jẹun wà lára rẹ̀. Ìrẹsì àti gaàrí ń yóni, wọn kò lè dá iṣẹ́ ara ṣe.

Àwa tí à ń gbé Navy Town ló yẹ ká kọ́kọ́ mọ ìtàn yìí, nítorí ọ̀rọ̀ ọmọ ogun ojú omi ni. Láyé àtijọ́, bí ọkọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá pẹ́ lójú agbami, bisikíìtì gbígbẹ àti ẹran oníyọ̀ ni wọ́n sábà ń jẹ. Ẹ̀jẹ̀ a máa jáde nídìí eyín wọn, eyín a máa mì, ọ̀pọ̀ a sì kú. Òyìnbó ń pe àrùn náà ní scurvy. Ní ọdún 1747, dókítà James Lind pín aláìsàn 12 sí méjì-méjì nínú ọkọ̀ Salisbury, ó fún ìpín kọ̀ọ̀kan ní ìtọ́jú tirẹ̀. Àwọn méjì tó jẹ ọsàn àti lẹ́mọ́ọ̀nù ló kọ́kọ́ gbádùn. Fítámì C ni wọ́n ṣàìní. Ara ènìyàn kò lè ṣe é fúnra rẹ̀, àfi ká jẹ ẹ́.

Bí ẹgbẹ́ wa ṣe rí ni oúnjẹ ṣe rí: oníkálukú ló ń dá tirẹ̀. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ugu ń mú èròjà irin wá fún ẹ̀jẹ̀. Ọsàn tàbí gúrófà ń jẹ́ kí ara rí irin náà gbà. Gúrófà tilẹ̀ ju ọsàn lọ ní fítámì C. Ìbẹ́pẹ pípọ́n, máńgòrò àti elégédé dára fún ojú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ní potásíọ̀mù, tó ń dín agbára iyọ̀ kù nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣùgbọ́n ẹni tí kíndìnrín ń dà láàmú kó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀. Ilá ń jẹ́ kí ìgbẹ́ rọ̀. Ẹni tó ń jẹ ewédú nìkan lójoojúmọ́ kò ṣe burúkú, àmọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ń dáwó nínú ẹgbẹ́ tirẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà jẹ èso àti ẹ̀fọ́ tó gíráàmù 400, ó kéré tán, lójúmọ́. Iṣu, gbágùúdá àti ọ̀dùnkún kò sí nínú ìṣirò yẹn o!

Ẹlòmíràn á ní, "Akọ̀wé, owó dà?" A gbọ́. Owó ẹ̀fọ́ kan náà ni kí ẹ fi máa pààrọ̀. Bí ẹ bá ra tẹ̀tẹ̀ ní Ìyànà-Ìbá lónìí, ẹ ra gbúre lọ́jọ́ míì. Èso tó bá wà lásìkò ni kí ẹ rà, òun ló ń dín lówó: àgbálùmọ̀ nígbà ọyẹ́, máńgòrò bí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ fọ ẹ̀fọ́ kí ẹ tó gé e, ẹ má sì sè é pẹ́, nítorí iná àti omi ń kó fítámì C lọ.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí ẹni tó bá ní ewúro lẹ́yìnkùlé gé ẹ̀ka díẹ̀ wá, ká pín in gbìn. Ẹni tó ń gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lè gbin tirẹ̀ sínú àpò ìrẹsì tó kún fún ilẹ̀dú. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ẹ̀fọ́ kan náà kò lè dá gbé ara ró.