Aáyán Funfun Tí Ẹ Rí Nílé Ìdáná

Ọ̀pọ̀ ìyá ló ti tan iná sílé ìdáná lóru, tó sì bá aáyán kan tó funfun bí òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò. Àwọn kan á ní iwin ni. Àwọn mìíràn á ní oògùn tí àwọn fín ló bó o láwọ̀. Kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀. Aáyán tí gbogbo wa mọ̀ náà ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ èèpo ara rẹ̀ ni. Tó bá fi máa di wákàtí mélòó kan, àwọ̀ rẹ̀ á ti padà, ara rẹ̀ á sì ti le.

A fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i, nítorí ó kan èémí àwọn ọmọ wa, ó kan omi tí a fi ń ṣe àlùwàlá, ó sì kan oògùn tí a ń fín sí yàrá.

Ìdí tí kòkòrò fi ń bọ́ èèpo

Inú ni egungun àwa èèyàn wà. Òde ara ni ti kòkòrò wà, bíi ti akàn àti edé. Èèpo líle yìí kì í dàgbà. Bí aṣọ ọdún tí a rán fún ọmọ lésìí ṣe ń há a mọ́ra lọ́dún yìí, bẹ́ẹ̀ ni èèpo ń há mọ́ kòkòrò, dandan sì ni kó bọ́ ọ. Tanwíjí, ìyẹn ọmọ ẹ̀fọn inú omi, ń bọ́ èèpo lẹ́ẹ̀mẹ́rin kó tó dé ipò tí kì í jẹun mọ́. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún ló ń di ẹ̀fọn tó ń fò.

Họ́mọ̀nù ló ń darí gbogbo rẹ̀. Họ́mọ̀nù ni ohun tí ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ láti fi ránṣẹ́ láti ibì kan sí ibòmíràn. Ọpọlọ kòkòrò á ránṣẹ́ sí ẹṣẹ́ kan tó wà ní àyà rẹ̀, ẹṣẹ́ náà á sì tú èyí tí wọ́n ń pè ní ecdysone jáde. Èèpo tuntun á bẹ̀rẹ̀ sí í hù lábẹ́ ti àtijọ́, omi kan á sì máa jẹ ti àtijọ́ láti inú. Kòkòrò á gbé afẹ́fẹ́ mì, ara rẹ̀ á wú, èèpo àtijọ́ á là lẹ́yìn, òun á sì yọ jáde.

Họ́mọ̀nù kejì ló ń pinnu bóyá ọmọdé ṣì ni kòkòrò náà. Bó bá pọ̀ lára rẹ̀, èèpo ọmọdé ló tún máa hù. Bó bá lọ sílẹ̀ ló ń di àgbà.

Ẹ̀kẹta ni bursicon, tí àwọn onímọ̀ rí lára eṣinṣin lọ́dún 1962. Òun ló ń mú kí èèpo tuntun le, kó sì dúdú. Títí tí yóò fi ṣiṣẹ́ tán, ara kòkòrò rọ̀ bí ẹ̀kọ, ohunkóhun ló lè pa á jẹ. Àwọn àgbà ní ó wu aáyán kó jó, adìẹ ni kò jẹ́. Aáyán funfun gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí bá mu, ìdí rèé tó fi ń sá pamọ́ sínú pàlàpálá ògiri.

Bí wọ́n ṣe rí i

Lọ́dún 1954, Butenandt àti Karlson ní orílẹ̀-èdè Jámánì lo ìwọ̀n kílò 500 kòkòrò tó ń ṣe sílíkì kí wọ́n tó rí mìlígíráàmù 25 ecdysone. Èyí kò tó iyọ̀ tí èèyàn fi ìka méjì mú.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Karel Sláma gbé kòkòrò tó ń sìn láti ilẹ̀ Czechoslovakia lọ bá Carroll Williams ní Yunifásítì Harvard, ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, àwọn kòkòrò náà ń bọ́ èèpo, ṣùgbọ́n wọn kò dàgbà. Wọ́n wá ìdí rẹ̀ títí, àṣé bébà tí wọ́n tẹ́ sínú abọ́ wọn ni. Igi tí wọ́n fi ṣe bébà náà ní ohun kan tó jọ họ́mọ̀nù ọmọdé yẹn.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ṣe oògùn tó ń da ìdàgbàsókè kòkòrò rú. Pyriproxyfen jẹ́ ọ̀kan: tanwíjí tó bá wà nínú omi tó ní in kì í di ẹ̀fọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i fún omi mímu pàápàá, bí kò bá ju mìlígíráàmù 0.01 lọ nínú lítà kan. Àmọ́ ẹ má ṣe fojú wọ̀n ọ́n fúnra yín, ẹ jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ wolé-wolé tó mọ̀ ọ́n lò ṣe é.

Dichlorvos kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣan ara tó ń gbé ìmọ̀lára ló ń bá jà, àwa àti aáyán la sì jọ ní irú iṣan bẹ́ẹ̀. NAFDAC ti fòfin de títa èyí tó wà nínú ìgò kékeré. Ẹ má ṣe fín in sí yàrá ọmọ, ẹ má sì jẹ́ kó kan ẹ̀wà tí ẹ fẹ́ jẹ.

Ohun tó yẹ ká ṣe

Èèpo tí aáyán bọ́ sílẹ̀ kì í ṣàdédé parẹ́. Ó ń rún di eruku, pẹ̀lú ìgbẹ́ aáyán, ọmọ á sì fà á símú. Bí ara ọmọ náà bá kọ̀ ọ́, ó lè mú kí ikọ́ fée dìde sí i. Nítorí náà, pípa aáyán nìkan kò tó. Ẹ fi aṣọ tútù nu abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù àti ẹ̀yìn sítóófù, torí ìgbálẹ̀ gbígbẹ ń gbé eruku náà sókè ni. Ẹ kó páálí àtijọ́ dà nù, ẹ dí pàlàpálá ògiri, ẹ fọ abọ́ kí ẹ tó sùn. Bí ọmọ bá ń mí fín-ín-fín-ín lóru, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́.

Ní ti omi, ẹ̀fọn lè ti inú ẹyin dé ìyẹ́ láàárín ọjọ́ méje sí mẹ́wàá. Nítorí náà, ẹ da omi inú dúrọ́ọ̀mù àti búta àlùwàlá nù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì fi kànrìnkàn ha inú wọn, nítorí ẹyin ẹ̀fọn kan wà tó ń lẹ̀ mọ́ ara ike, tí kì í kú bí ibẹ̀ bá tilẹ̀ gbẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ bò wọ́n. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ti kọ́ wa láti máa bo ohun èlò wa lálẹ́.

Bí ẹ bá tún rí aáyán funfun lóru, ẹ pa á nígbà tí ara rẹ̀ ṣì rọ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ wá èèpo tó bọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì nù ún kúrò. Kí Ọlọ́hun fi àlàáfíà sí ilé wa. Àmín.